Ibà Ọmọ Kì í Ṣe Ibà Bàbá Rẹ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Bí Ara Ọmọdé Ṣe Ń Mọ Ibà Jà

Ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ, bí àwọn ìyá bá ti jókòó tí wọ́n ń dúró kí á pe orúkọ wọn, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Ti ibà ni. "Nọ́ọ̀sì, bàbá ẹ̀ ní ibà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó lo oògùn, ó sì lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọmọ wá ní tiẹ̀, ẹ̀jẹ̀ la fà sí i lára." Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ni mo bá ní kí n kọ wọ́n sílẹ̀. Ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri ni mo ń sọ o. Kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà.

Ọmọ mi ò ní ibà rí títí ó fi pé oṣù márùn-ún. Eyín bẹ̀rẹ̀ sí í hù, ara náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ṣé eyín kọ́ ni?

Eyín kọ́, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé màmá àgbà nílé á ní eyín ni, wọ́n sì rí ohun tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀: nǹkan bí oṣù kẹfà ni eyín ń yọ, nǹkan bí oṣù kẹfà náà ni ibà ń dé. Àwọn méjèèjì kàn pàdé lójú ọ̀nà ni. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lásìkò yẹn ni pé ogún tí ìyá fi sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ti ń tán lọ, ọmọ kò sì tíì ní tirẹ̀. Eyín lè mú kí ọmọ máa da itọ́, kó máa sunkún, kó máa ki ìka bọ ẹnu. Kì í mú kí ara gbóná janjan. Ọmọ oṣù méje tí ara rẹ̀ bá gbóná bẹ́ẹ̀, tẹ́ẹ̀sì ibà ló kàn, kì í ṣe oògùn eyín. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń gbé wá bá wa nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ wọn ti funfun báláú, eyín ni wọ́n ti fi ọjọ́ mẹ́ta tọ́jú nílé.

Kí ni ogún tí ẹ ní ìyá fún ọmọ yìí?

Ìyá tó dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo ti bá ibà jà láìmọye ìgbà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kún fún àńtíbọ́dì, ìyẹn ohun ìjà kéékèèké tí ara máa ń rọ fún àrùn tó bá ti bá pàdé rí. Nígbà tí oyún bá ti dàgbà, púpọ̀ nínú wọn máa ń gba inú ibi ọmọ kọjá sára ọmọ. Ẹ wò ó bí owó tí òbí kó lé ọmọ lọ́wọ́ nígbà tó ń lọ sílé ìwé tó jìnnà: ó lè ná an, kò lè tẹ̀ ẹ́. Láàárín oṣù díẹ̀, ó ti tán.

Àńtíbọ́dì nìkan kọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ bá wá sáyé yàtọ̀ sí ti àgbà, nítorí pé irú hẹmoglóbíìnì (èròjà tó ń gbé atẹ́gùn kiri nínú ẹ̀jẹ̀) tó wà fún ọmọ inú oyún ló ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, ara kì í sì í rọ kòkòrò ibà nínú irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù ni hẹmoglóbíìnì àgbà ń rọ́pò rẹ̀. Wàrà ọmú náà ń ṣe tirẹ̀: èròjà kan tí kòkòrò náà nílò kó tó lè dàgbà kò tó nǹkan nínú rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ tí a fi aṣọ wé, tó há sí ìgbáròkó ìyá rẹ̀ lóru, ẹ̀fọn kì í sì í rí i jẹ tó bó ṣe ń rí ìyá jẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọkàn tán ogún yìí. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà lè ní ibà, àgàgà bí kòkòrò bá ti wà nínú ibi ọmọ nígbà oyún. Bí ara ọmọ oṣù kan bá gbóná, a kì í dúró wò ó di ọjọ́ kejì, ìbáà jẹ́ ibà, ìbáà jẹ́ nǹkan mìíràn.

Ibo gan-an ni ara ti ń pàdé kòkòrò náà?

Abo ẹ̀fọn tí wọ́n ń pè ní Anopheles ló ń gbé e, òru ló sì sábà máa ń jẹun. Itọ́ rẹ̀ ni kòkòrò ń bá wọlé, kì í sì í pọ̀: ogún, ọgbọ̀n, nígbà mìíràn ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń forí lé. Wọ́n á fara pamọ́ síbẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ara ò ní gbóná, orí ò ní fọ́, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀kan ṣoṣo ti ń di 30,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá jáde, inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ni wọ́n ń kó sí. Wákàtí méjìdínláàádọ́ta méjìdínláàádọ́ta ni sẹ́ẹ̀lì ń bẹ́, tí àwọn tuntun ń jáde, tí wọ́n tún ń wọ òmíràn. Bí wọ́n ṣe ń bẹ́ yìí ló ń fa ara gbígbóná àti òtútù. Sẹ́ẹ̀lì tó sì bẹ́ ti ṣòfò, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ fi ń gbẹ.

Ilẹ̀kùn méjì ni ara ní nígbà náà: kí ó pa wọ́n kí wọ́n tó dé ẹ̀dọ̀, tàbí kí ó bá wọn jà nínú ẹ̀jẹ̀. Ààbò tí ara ń kọ́ fúnra rẹ̀, ilẹ̀kùn kejì ló ń ṣọ́ jù. Ẹ fi èyí sọ́kàn di ìgbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ọmọ tó bá ti ṣe èéyi lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe é mọ́. Kí ló dé tí ibà ò rí bẹ́ẹ̀?

Àwọn baba wa ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, sísá ni yóò sá. Bí ara ṣe ń ṣe sí èéyi nìyẹn: ó rí i lẹ́ẹ̀kan, ó dá a mọ̀ títí ayé. Ojú kan ṣoṣo ni èéyi ní.

Ibà ní ẹ̀kú púpọ̀. Bí kòkòrò bá ti wọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, ó máa ń gbé àmì kan síta sára sẹ́ẹ̀lì náà. Àmì yìí ló fi ń lẹ̀ mọ́ ògiri òpó ẹ̀jẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má baà gbé e gba inú ọlọ inú kọjá, nítorí iṣẹ́ ọlọ inú ni láti sẹ́ sẹ́ẹ̀lì tó ti bàjẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Àmì yìí kan náà ni ọmọ ogun ara ń wò láti fi mọ ọ̀tá. Kòkòrò kan ṣoṣo ní nǹkan bí 60 irú àmì yìí nínú àpótí rẹ̀, ọ̀kan ló sì ń gbé wọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ara bá ti rọ àńtíbọ́dì fún ti àná, àwọn díẹ̀ nínú wọn á ti pààrọ̀ aṣọ, bí egúngún tó wọ ìgbàlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kú pupa tó sì fi aláró jáde. Ara á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá rántí pé kòkòrò ti Ìbàdàn àti ti Abẹ́òkúta ò ní àpótí kan náà, àti pé kòkòrò tí ẹ̀fọn gbé wá lọ́dún yìí lè máà jọ ti èṣí.

Nítorí náà, ohun tí ọmọ ń ṣe láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún ni pé ó ń kọ́ ẹ̀kú wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá rẹ̀ ti rí púpọ̀ nínú wọn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì nìyẹn. Kì í ṣe pé bàbá lágbára ju ọmọ lọ, bí àwọn bàbá ṣe máa ń sọ.

Ìgbà mélòó ni ọmọ gbọ́dọ̀ ní ibà kí ara rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n?

Ó kù sí ohun tí ẹ bá pè ní "mímọ̀". Ohun tí ara kọ́kọ́ ń kọ́ ni bí kò ṣe ní kú. Èyí kì í pẹ́ púpọ̀: níbi tí ibà ti wọ́pọ̀, lẹ́yìn ìjà mélòó kan, ewu akọ ibà tó ń pa ọmọ ti ń dín kù gan-an. Ó jọ pé àwọn ẹ̀kú tó burú jù, tí wọ́n ń mú kí sẹ́ẹ̀lì lẹ̀ mọ́ inú ọpọlọ, kò pọ̀ níye, ìdí nìyẹn tí ara fi ń tètè mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n inú ìjà mélòó kan yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kú. Nínú àwọn tí ibà pa ní ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 2023, bí 76 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ní gbogbo àgbáyé, 597,000 ènìyàn ni ibà pa lọ́dún náà. Nàìjíríà nìkan kó bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá wọn.

Ohun tí ara ń kọ́ tẹ̀ lé e ni bí kò ṣe ní ṣàìsàn bí kòkòrò bá tilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọdún púpọ̀ ni èyí ń gbà. Ó ń bẹ̀rẹ̀ lọ́mọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì ń gbó dé ìgbà ọ̀dọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ara ń kọ́ bó ṣe máa pa kòkòrò run pátápátá, èyí tí ó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọ tán. Àgbàlagbà ọgọ́rin ọdún tó ń gbé lábúlé ṣì lè ní kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀.

Ibi tí ọmọ ń gbé ṣe pàtàkì. Ọmọ tó ń gbé lẹ́bàá odò ń kọ́ kíákíá, ẹ̀mí rẹ̀ sì ni owó ilé ìwé. Ọmọ tó ń gbé lókè ilé alájà mẹ́rin ní Èkó, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ pàdé ẹ̀fọn, ń kọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó lè pé ọdún mẹ́jọ kí ara rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ọmọ ọdún kan lójú ibà. Ní ọdún 2010, wọ́n rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ 42 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún tí wọ́n yẹ̀ wò káàkiri Nàìjíríà. Nígbà tó fi di 2021, ó ti wálẹ̀ sí 22. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ó tún túmọ̀ sí pé kí ẹ má ṣe rò pé ọmọ ọdún méje ti "jáde nínú ewu" nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jáde ní ọjọ́ orí yẹn.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ààbò yìí wà?

Ní nǹkan bí ọdún 1900, Robert Koch, oníṣègùn ará Jámánì, lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará New Guinea wò. Ó rí i pé kòkòrò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ti àgbà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọn kan náà ló ń jẹ gbogbo wọn. Ó ní à ń gba ààbò yìí ni, a kì í bí i mọ́ni.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Gámbíà. Ní ọdún 1961, Ian McGregor àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà Gámbíà, wọ́n yọ àńtíbọ́dì inú rẹ̀, wọ́n sì gún un fún àwọn ọmọdé tí ibà dá dùbúlẹ̀. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà dín kù gan-an, ara wọn balẹ̀. Ohun tí àgbà fi ogún ọdún kó jọ, wọ́n fi abẹ́rẹ́ yá ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó ni, kì í pẹ́ tán.

Ṣé kí n jẹ́ kí ẹ̀fọn máa jẹ ọmọ mi díẹ̀díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè le?

Rárá o. Àwọn ọkùnrin ló máa ń béèrè èyí jù, wọ́n á ní "àwa ò lo nẹ́ẹ̀tì, a ò kú." Ẹni tó kú kò sí níbẹ̀ láti sọ tirẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ màmá àgbà iye ọmọ tí wọ́n bí, kí ẹ tún béèrè iye tó yè. Mélòó nínú àwọn tí wọ́n pè ní àbíkú ni kì í ṣe ibà àti ẹ̀jẹ̀ SS ló mú wọn lọ?

Àwọn onímọ̀ náà bẹ̀rù nígbà kan pé bí a bá fi nẹ́ẹ̀tì bo ọmọ, ara rẹ̀ ò ní kọ́ nǹkan kan, ikú tó yẹ̀ lórí rẹ̀ lónìí á wá dé bó bá dàgbà. Ní gúúsù Tanzania, wọ́n tẹ̀ lé ọmọ tó lé ní 6,000 tí wọ́n bí láàárín 1998 sí 2000, wọ́n sì wá wọn lọ lẹ́yìn ogún ọdún. Àwọn tó sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì dáadáa ní kékeré kò kú púpọ̀ bí àwọn tí kò lò ó. Ewu ikú wọn fi bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún kéré. Ikú tí wọ́n ní yóò padà wá kò padà wá. Nẹ́ẹ̀tì kì í dí gbogbo ẹ̀fọn lọ́nà, díẹ̀ ṣì ń wọlé, ara ṣì ń kọ́. Ó kàn jẹ́ pé ọmọ á ti le díẹ̀ kó tó pàdé èyí tó pọ̀.

Wọ́n ní ibà ọmọ mi ti di "plus méjì", ọmọ náà sì ń sá kiri. Ṣé tẹ́ẹ̀sì parọ́ ni?

Kì í ṣe dandan. Bí ọmọ náà bá ti tó ọdún mẹ́fà, méje, ara rẹ̀ lè ti kọ́ bó ṣe ń gbé pẹ̀lú kòkòrò láìṣàìsàn. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé kòkòrò kiri láìmọ̀, tí ẹ̀fọn sì ń gbà á lára wọn lọ fún àbúrò wọn. "Plus" kì í sọ bí àìsàn ṣe le tó fún ẹni tó ni ín. Plus kan lè gbé ọmọ ọdún kan dákú, plus mẹ́ta sì lè wà lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbá bọ́ọ̀lù.

Tẹ́ẹ̀sì onílà tí wọ́n ń ṣe níbi kẹ́míìsì tún ní wàhálà tirẹ̀: ó lè máa fi hàn pé ibà wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn ti pa kòkòrò tán, nítorí pé òkú wọn ló ń rí. Ẹ má ṣe tún oògùn lò nítorí ìlà kejì nìkan.

AS ni ọmọ mi. Wọ́n ní ibà kì í mú AS.

Ibà ń mú AS. Kì í sábà pa á ni. Láti ọdún 1954 tí Anthony Allison ti gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde láti ìlà oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ti dájú báyìí pé ẹ̀jẹ̀ AS ń dín akọ ibà kù ní nǹkan bí 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyẹn tí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà fi jẹ́ AS: àwọn tó yè ló bí wa. Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Kilifi, ní Kenya, ni pé ààbò AS ń pọ̀ sí i bí ọmọ ṣe ń dàgbà láti ọdún méjì dé bí ọdún mẹ́wàá. Bí ó bá jẹ́ pé inú sẹ́ẹ̀lì nìkan ló wà, kò yẹ kó máa pọ̀. Ó dà bíi pé AS tún ń ran ara lọ́wọ́ láti tètè kọ́ ẹ̀kọ́ ibà.

SS kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọlọ inú ọmọ SS ti sábà máa ń bàjẹ́ láti kékeré, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í sì í tó tẹ́lẹ̀. Ibà kékeré lè gbé e dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń fún un ní Paludrine, oògùn tó ń dènà ibà, lójoojúmọ́. Ẹ má jẹ́ kó tán nílé.

Wọ́n sọ fún wa pé ọmọ wa ní G6PD. Ṣé ó kan ibà?

Ó kàn án. Àìtó èròjà tí wọ́n ń pè ní G6PD nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń sọ, òun náà sì máa ń ni kòkòrò ibà lára. Ìbàdàn níbí ni Lucio Luzzatto àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní ọdún 1969: lára ẹnì kan náà tó ní irú sẹ́ẹ̀lì méjèèjì, èyí tó pé ni kòkòrò ń wọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ lè bẹ́ bó bá lo oògùn tí kò bá a mu, káńfọ̀ náà sì lè fà á. Káńfọ̀ tí ẹ kó sáàárín aṣọ ọmọ tuntun, ẹ kó o kúrò lónìí.

Mo ti dàgbà, ibà kì í ṣe mí mọ́. Kí ló dé tó padà wá nígbà tí mo lóyún àkọ́kọ́?

Nítorí ibi ọmọ. Ibi ọmọ jẹ́ ilé tuntun tí ara yín kò tíì rí rí, kòkòrò sì ní ẹ̀kú kan tó fi ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ nìkan. Ní gbogbo ayé yín ẹ kò tíì bá ẹ̀kú yìí pàdé. Nínú oyún kejì àti ẹ̀kẹta, ara á ti mọ̀ ọ́n. Oyún àkọ́bí ni ewu rẹ̀ le jù, òun ló sì ń mú kí wọ́n bí ọmọ kéré. Oògùn tí wọ́n ń fún yín gbé mì níwájú nọ́ọ̀sì láti oṣù kẹrin síwájú, ẹ gbé e mì, ẹ má fi sábẹ́ ahọ́n lọ sílé. A máa ń rí yín.

London la wà. A fẹ́ kó àwọn ọmọ wálé lóṣù Kejìlá. Àwọn ọmọ á lo oògùn, ṣùgbọ́n àwa òbí ńkọ́? Nàìjíríà la ti dàgbà.

Ẹ̀yin náà. Ààbò ibà dà bí ilé tí a yá gbé. Bí ẹ kò bá san owó rẹ̀ mọ́, wọ́n á lé yín jáde. Kòkòrò tó ń wọlé lemọ́lemọ́ ló ń mú kí ara máa rántí. Ní Garki, ní àríwá Nàìjíríà, láàárín 1969 sí 1976, nígbà tí wọ́n fi oògùn ẹ̀fọn àti oògùn ibà lé ibà lọ fún ìgbà díẹ̀, àńtíbọ́dì inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ara àgbà kì í gbàgbé tán, kì í sábà kú bí òyìnbó tí kò rí ibà rí, ṣùgbọ́n ó lè ṣàìsàn gidi. Nínú àwọn tó ń gbé ibà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọọdún, àwọn tó wá kí ẹbí ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló pọ̀ jù, Nàìjíríà ló sì ń léwájú.

Àwọn ọmọ tí ẹ bí síbẹ̀ kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti pé ọdún méjìlá. Bí ara wọn bá gbóná lẹ́yìn tí ẹ padà, ẹ sọ fún dókítà pé Nàìjíríà lẹ ti dé; kò ní ronú kàn án bí ẹ kò bá sọ.

Ọmọ ta gìrì. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Ẹ má fún un ní àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù àti tábà ṣe. Òun gan-an ti pa ọmọ tí gìrì kò bá má pa. Ara gbígbóná lásán lè fa gìrì fún ọmọ kékeré, tí yóò sì jí. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì tó ní kòkòrò ti dí òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ, kò sì sẹ́ni tó lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀. Ọmọ tí kò lè mu ọmú, tó ń bì gbogbo ohun tó bá mu, tó ń mí gúlegúle, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi kóòkì, tàbí tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun, ìrìn àjò ilé ìwòsàn ti kọjá ohun tí à ń dúró de bàbá ọmọ fún.

Ṣé àgbo tàbí blood tonic lè mú kí ara ọmọ tètè mọ ibà?

Ìrírí kòkòrò ló ń kọ́ ara, kì í ṣe ohun mímu. Ti blood tonic tilẹ̀ gba ìṣọ́ra: ní erékùṣù Pemba, ní Tanzania, ìwádìí kan tó jáde ní 2006 fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n ń fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́ níbi tí ibà pọ̀ sí ṣàìsàn líle tàbí kú ju àwọn tí wọn kò fún lọ. Kòkòrò náà fẹ́ràn irin inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ibà, kí dókítà sọ bóyá ọmọ nílò rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà tí wọ́n ń sọ, kí ló ń ṣe tí ara kò lè ṣe fúnra rẹ̀?

Ó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Kòkòrò díẹ̀ tí ẹ̀fọn tu sára, tí wọ́n ń sáré lọ sí ẹ̀dọ̀, aṣọ kan náà ni gbogbo wọn sábà máa ń wọ̀. Wọ́n kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ débi tí ara á fi wò wọ́n dáadáa, nítorí náà ara kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn. Abẹ́rẹ́ yìí ń fi aṣọ yẹn han ọmọ ogun ara ṣáájú kí ẹ̀fọn tó dé. Méjì ló wà: RTS,S, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, àti R21, tí Yunifásítì Oxford ṣe, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023. Níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán RTS,S wò fún gbogbo ará ìlú láti 2019, ní Ghana, Kenya àti Malawi, ikú ọmọ tó tó ọjọ́ orí abẹ́rẹ́ náà fi 13 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ikú láti ọwọ́ gbogbo àìsàn ni mo ń sọ, kì í ṣe ibà nìkan, ìdí nìyẹn tí iye náà fi tó ohun tó yẹ kéèyàn dìde fún.

Orílẹ̀-èdè Benin bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú R21 ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ní Kebbi àti Bayelsa. Oṣù karùn-ún, ìkẹfà, ìkeje àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń gún un. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀: ìgbà tí ogún ìyá ń tán lọ gan-an ni. Abẹ́rẹ́ kẹrin ni àwọn ìyá máa ń gbàgbé, nítorí ọmọ ti ń rìn, káàdì ti sọnù. Ẹ má gbàgbé rẹ̀. Láìsí i, ààbò tí mẹ́ta àkọ́kọ́ fúnni ń tètè ṣá.

Ọmọ mi ti gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ń sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Ara rẹ̀ gbóná lálẹ́ àná. Ṣé ó tún lè jẹ́ ibà?

Ó lè jẹ́. Ẹ gbé e wá kí á ṣe tẹ́ẹ̀sì fún un láàárọ̀ yìí, kí ẹ sì mú káàdì rẹ̀ dání.